Àwọn Ajá Tí Kò Lè Ṣọ́lé

Nínú gbogbo ajá kàtúùnù tí mo wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe mi, yàtọ̀ sí ẹyọ kan tí n ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níwájú, kò sí èyí tí bàbá mi ì bá gbà kó máa ṣọ́lé fún òun. Ọ̀kan ń sá fún òjìji ara rẹ̀. Òmíràn ń fi ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú. Òmíràn, ojú rẹ̀ fà wálẹ̀ bí ojú òṣìṣẹ́ tí ìjọba jẹ lówó oṣù, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Bàbá mi a dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, a wò wọ́n díẹ̀, a ní, "Ajá tí kò lè gbó mọ́ olè, kí ni wọ́n ń bọ́ ọ fún?" A sì bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò lè bá a jà. Ajá lọ́dọ̀ tiwa, òṣìṣẹ́ ni. Ajá ọdẹ ń lé ẹran, ajá ilé ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ajá Ògún sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Ní Kakuri, ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, gbogbo ajá tí mo mọ̀ ló ń jẹ́ Bingo. Bingo ni ti aládùúgbò wa tó jẹ́ awakọ̀, Bingo ni ti ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì. Bí o bá pe "Bingo!" lálẹ́, o ò mọ èyí tó máa yọjú. Kò sí èyí tó ń wọ inú ilé. Àwọn Hausa tó yí wa ká kì í jẹ́ kí imú ajá kan aṣọ wọn nítorí ìrun, Mùsùlùmí sì ni àwa náà, ìlànà kan náà là ń tẹ̀ lé. Bingo awakọ̀ yẹn pòórá nígbà kan tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n ní ọyẹ́ ọdún yìí mà mú o. (Ará Òǹdó tó bá ń kà á, má rẹ́rìn-ín jù, a mọ ara wa.)

Ẹ wá wo ọmọ tó ti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ jókòó síwájú ẹ̀rọ, tó rí ajá tó ń sọ̀rọ̀, tó ń wọ mọ́tò kiri pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ju búrẹ́dì onípele-pele sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàlẹ́nu gbáà ni. Mo ti wá di àgbà báyìí, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, mo sì lè búra pé púpọ̀ nínú ọgbọ́n tí mo fi ń gbé ìlú yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ajá aláìwúlò wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ aṣọ ló gbé bàbá mi kúrò nílé. Kaduna Textiles ti ń hun aṣọ láti 1957, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì wá kún un. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, láàárín àwọn ọdún 1980, Kakuri ti di ibi tí Yorùbá, Hausa, Ígbò, Bajju àti Ìdómà ti ń bá ara wọn du omi ẹ̀rọ láàárọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà dé, dúdú àti funfun ni. NTA Kàdúná, tó ti wà láti 1962 nígbà tó ṣì ń jẹ́ Radio Kaduna Television, kì í wọlé títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àwa á ti jókòó síwájú àwòrán onílà òòró-òòró yẹn, à á máa gbọ́ ariwo rẹ̀ tó ń han "píííí" títí wọn á fi kọ orin orílẹ̀-èdè. Bí NEPA bá ṣàánú wa, eré ọmọdé ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń jáde lọ yí òpó ẹ́ríàlì.

"Ó ti mọ́?"

"Ó kù díẹ̀!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó tún ti bà jẹ́! Dá a padà, dá a padà!"

Bó bá fi máa mọ́, iwin á ti lé ajá náà yí ilé ká. Ẹ̀gbọ́n mi á wọlé, á ní ká ròyìn fún òun. Àwa tá a wà nínú ilé á wá fi irọ́ kún un.

Eérú ni gbogbo ajá tí a mọ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Huckleberry Hound, tí wọ́n gbé jáde ní 1958, búlúù ni àwọ̀ rẹ̀, ta ló sọ fún wa? Ìgbà tí a bá bàbá mi lọ kí ọ̀gá rẹ̀ kan tó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ la tó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní wọ́n ti pa ajá náà láró, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Kano ni wọ́n gbé e lọ, sí kòtò aró Kofar Mata. Mo gbà á gbọ́. Mo tún lọ sọ ọ́ níléèwé.

Scooby-Doo ni olórí wọn. Ní Amẹ́ríkà ní 1968, àwọn òbí ń pariwo pé ìjà ti pọ̀ jù nínú kàtúùnù ọmọdé. Joe Ruby àti Ken Spears wá kọ eré kan fún ilé-iṣẹ́ Hanna-Barbera, ti ọ̀dọ́ mẹ́rin àti ajá kan tó ń tọpa iwin kiri, ó sì jáde lórí CBS ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1969. Iwao Takamoto ló ya ajá náà, ọmọ Jàpáàn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n kó òun àti ẹbí rẹ̀ sí àgọ́ Manzanar nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó bi ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó ń sin irú ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Dane, pé kí ni wọ́n ń wò lára rẹ̀ kó tó gba ẹ̀bùn. Wọ́n kà á fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó lọ ya ìdàkejì rẹ̀: ẹ̀yìn tó yẹ kó gún, ó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ tó yẹ kó nà, ó wọ́ ọ, àgbọ̀n tó yẹ kó le, ó fà á sẹ́yìn. Abájọ tá a fi ń jiyàn ní Kakuri bóyá ajá ni tàbí ọmọ màlúù. Èmi tí mo ń ya àwòrán jẹun, mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Oníbàárà á ní kí n ya èèyàn tó pé, tí kò ní àbàwọ́n kankan, á tún ní kó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì kì í gbé inú àwòrán kan náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe yà á ló mú wa. Ẹ̀rù rẹ̀ ni. Ọkùnrin ni wá ní Kakuri, ọkùnrin kì í sì í bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ilé ìgbẹ́ wà lẹ́yìn igi máńgòrò. Gbogbo wa là ń bẹ̀rù igi yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ. Scooby nìkan ni mo rí tó ń sọ ọ́. Á wárìrì, á fò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Shaggy láyà, á ní òun ò lọ, àfi bí wọ́n bá fún òun ní ìpápánu. Wọ́n á fún un, á sì lọ. Mo wá gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, n kò lọ, bóyá tí kúlíkúlì bá wà. Ó fún mi ní kúlíkúlì, ó tún sìn mí débẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba òun náà. Títí dòní, bí iṣẹ́ ńlá bá dé tí gbogbo èèyàn nínú yàrá ń mi orí pé kò sí ìṣòro, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. O ò ní gbàgbọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń mí kanlẹ̀.

Ìyá-àgbà, ìyá bàbá mi, ló fún Scooby ní ìtumọ̀ gan-an. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa gbé fúngbà díẹ̀. Wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á jókòó lẹ́yìn wa, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan iwin aláṣọ funfun jáde lórí eré, Ìyá-àgbà dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà. Nígbà tó yá, wọ́n mú iwin, Fred, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, fa ìbòjú rẹ̀ yọ, bàbá onírunmú kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá-àgbà dìde dúró. "Wọ́n ṣí i! Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ṣí i lójú!"

A ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ará ọ̀run ni egúngún, èèyàn kan kì í ṣí ẹ̀kú ará ọ̀run níta gbangba ká wá máa pàtẹ́wọ́. Ohun tó tún wá bí wọn nínú jù ni pé Velma, ọmọ obìnrin tó ń lo awò ojú, ló ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní, "Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Èyí ń wí, ó tún ń nàka!" Ìyá mi rọra lọ pa ẹ̀rọ náà.

N kò mọ ohun tí wọ́n rò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà tún dé, àwọn fúnra wọn ló ní ká tan tẹlifíṣọ̀n. Èyí kì í ṣe egúngún, wọ́n ní, olè ló daṣọ bora, olè ò sì ní awo. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú, kó tó di pé Velma la ẹnu. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ. A bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ ròyìn iwin ni kí ẹ bi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe fún mi. Ní Lugbe ní Àbújá, ní òpópónà pápákọ̀ òfuurufú, a ń gbé ọgbà kan tó ní kànga ẹ̀rọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe wọlé ni omi kò délé àárọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pé obìnrin aláṣọ funfun kan máa ń dúró sídìí táńkì láàárín òru, àǹjọ̀nnú ni. Ojú ilẹ̀ yìí, wọ́n ní, itẹ́ òkú ni kí wọ́n tó wá kọ́lé sí i. Àwọn kan ń gba ààwẹ̀, àwọn kan ń ka Yásínì, kò sẹ́ni tó ń jáde lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ta ló rí i? Ẹni yìí ní aládùúgbò òun ló sọ fún òun, aládùúgbò ní ìyàwó ẹnìkan ló sọ ọ́. Mo tọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tan ẹ̀rọ omi. Òun ló kọ́kọ́ rí obìnrin náà, òun nìkan ló sì rí i. Èmi àti ọ̀gbẹ́ni Tiv kan tí kò bẹ̀rù nǹkan kan jókòó sínú òkùnkùn lálẹ́ kan. Obìnrin kankan ò wá. Àwọn mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri ló wá, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn àti kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tò sídìí táńkì, ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì ń gbowó lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sọ pé òun ì bá ti mú un jẹ bí kì í bá ṣe ti àwọn ọmọ ọlọ́fòfó yìí, bí wọ́n ṣe máa ń wí lórí eré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni Scooby. Ẹni Muttley ni. Muttley ni ajá tó wà nínú mọ́tò olódo méjì pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ Dick Dastardly, nínú eré ìdíje mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ Hanna-Barbera kan náà gbé jáde ní 1968. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nípa Dastardly nìyí: mọ́tò rẹ̀ yára ju ti gbogbo wọn lọ. Á ti ta wọ́n yọ, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, kó má sì dúró nìkan ló kù. Á dúró. Á sọ̀ kalẹ̀ láti gbẹ́ kòtò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kòtò á sì gbé òun fúnra rẹ̀. Kò borí nínú ìdíje kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà títí dé òpin. Muttley á wá fi ọwọ́ bo ẹnu, á rẹ́rìn-ín èémí yẹn, "hìṣì-hìṣì-hìṣì", èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Nínú eré ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n tún ṣe fún àwọn méjèèjì lẹ́yìn náà, bó bá di ìgbà tí ọ̀gá nílò rẹ̀, ó ń béèrè fún mẹ́dàlì.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ẹ̀rín náà, ó mọ̀ ọ́n ju ajá lọ. Ìgbà tí bàbá mi bá ń bá ẹlòmíràn wí gan-an ló máa ń rín in. Ìyà rẹ̀ kò kéré.

Mo ti bá Dastardly gidi ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ju gbogbo wa lọ, kò sẹ́ni tó lè dá iye owó iṣẹ́ bíi tirẹ̀, bó bá sì gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín kọ́ńtíráàtì, òun ló ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n kò ní sùn. Á máa wá ẹni tó máa fi fáìlì àwọn yòókù pamọ́, á máa pe akọ̀wé yìí, á máa rán nǹkan sí ọ̀gá tọ̀hún. Nígbà tí àṣírí fáìlì kan tú, wọ́n kọ̀ gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ìwé tí ì bá borí fúnra rẹ̀. Mo wà nínú ọ́fíìsì nígbà tí ìròyìn náà dé. N kò lè rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ni owó oṣù mi wà. Mo húkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tún máa ń sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni Scooby àti Muttley, ó ní ká gbọ́ ohùn wọn dáadáa. A fi í ṣẹ̀sín. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé ni mo tó kà á pé ọkùnrin kan ṣoṣo, Don Messick, ló ń fọhùn fún àwọn méjèèjì, òun náà ló sì fọhùn fún Astro, ajá inú eré àwọn ará ọjọ́ iwájú tó jáde ní 1962. Messick kú ní 1997. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Jos láti sọ fún un. Kò yà á lẹ́nu rárá, ó ní èmi ni mo pẹ́.

Ohun kan wà tí a rí nígbà náà tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Bí Scooby bá ń sáré, ilẹ̀kùn kan náà, fèrèsé kan náà, ló ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìdẹ́kun. Owó ló fà á. William Hanna àti Joseph Barbera ló ṣe Tom and Jerry ní MGM, wọ́n gba Oscar méje lórí rẹ̀, àwòrán ibẹ̀ ń ṣàn. Nígbà tí MGM ti ẹ̀ka kàtúùnù pa ní 1957, wọ́n bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, owó sì kéré níbẹ̀. Ni wọ́n bá ń fi kọ́là tàbí táì sọ́rùn ẹranko wọn. Ara á dúró gbọn-in, orí nìkan ni wọ́n ń tún yà. Bí ẹ bá ti rí pátákó ìbò ní Nàìjíríà, ẹ ti rí iṣẹ́ yìí: agbádá kan náà, ìjókòó kan náà, orí òǹdíje nìkan là ń pààrọ̀. Mi ò ní sọ iye tí mo ti ṣe.

Ajá olójú fífà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Droopy ni, Tex Avery ló dá a sílẹ̀ ní 1943. Ó dáa. Mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀, ju pé òun nìkan ló ń sọ pé inú òun dùn láìsí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀, mo sì ní àǹtí kan tó rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí bàbá mi gbà ni Spike, ajá ńlá inú Tom and Jerry, bàbá Tyke. Ó ń gbó, ó ń jáni, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, ó di ìjà. Bàbá mi á jókòó nígbà tí Spike bá wọlé. "Èyí lajá," wọ́n á wí, wọ́n á sì máa wo Tom bó ṣe ń jẹ̀yà.

Àwọn àbúrò wa tó dàgbà sẹ́nu sátẹ́láìtì mọ Courage, ajá aláwọ̀ pinki tí John R. Dilworth dá sílẹ̀, tó wà lórí Cartoon Network láti 1999 sí 2002. Òun náà ojo ni, ṣùgbọ́n ìbòjú kò sí níbẹ̀: iwin tó bá dé, iwin ni. Ó ń pariwo, eyín rẹ̀ ń já bọ́, ó sì ń padà lọ gba ìyá arúgbó Muriel sílẹ̀. Mo wò ó pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin, mi ò sì sùn dáadáa. Ọmọ náà sùn.

Bluey ni àwọn ọmọ mi ń wò báyìí, kàtúùnù Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ìṣẹ́jú méje-méje. Ìdílé ajá ni, ní Brisbane: bàbá, ìyá, ọmọbìnrin méjì. Kò sí iwin, kò sí olè. Bàbá, Bandit lorúkọ rẹ̀, kàn ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré ni: ó ń di ẹṣin, ó ń di aláìsàn, ó ń dọ̀bálẹ̀ sáàárín pálọ̀. Ẹ ò mọ wàhálà tí ajá yẹn kó bá mi. Bí mo bá ti Wuse dé, tí gosiló Lugbe ti gba ọkàn mi, àwọn ọmọ á ní kí n kúnlẹ̀, ẹṣin ti dé. Mo ń kúnlẹ̀.

Màámi wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù tó kọjá. Wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n wo Bluey, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Iṣẹ́ wo ni bàbá ajá ń ṣe? Wọ́n ní ó ń wa ilẹ̀ wo ohun àwọn ará àtijọ́. Ìyá ajá ńkọ́? Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ ààbò ní pápákọ̀ òfuurufú. Màámi mi orí, iṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Wọ́n tún wo ilé ńlá tí àwọn ajá náà ń gbé, lórí òkè, pẹ̀lú àgbàlá àti gbọ̀ngán ìta. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ajá wọ̀nyí ló ni ilé yẹn, àbí wọ́n háyà á?"

Mo ní ó jọ pé àwọn ló ni ín.

"Ìwọ wá ń san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní Lugbe," wọ́n wí, wọ́n sì ní kí ọmọ tún un gbé sókè, àwọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.